Àpá ní apá ọmọ mi: ìdáhùn sí ìyá kan lórí ọ̀dọ́langba tó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe

Ìbéèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá ọmọ mẹ́ta ni mí, Ìbàdàn ni a ń gbé. Àkọ́bí mi obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 15, ó sì wà ní SS2. Láti bí oṣù mẹ́ta ni mo ti ń kíyè sí i pé kì í bọ́ súwẹ́tà alápá gígùn kúrò lọ́rùn, bí oòrùn tilẹ̀ ń mú ganrínganrín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo já wọlé bá a níbi tó ti ń pa aṣọ dà, mo sì rí àpá tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò léra wọn ní apá rẹ̀ òsì. Òmíràn ti jinná, òmíràn ṣì pupa. Ó ní ológbò ló ha òun. A kò ní ológbò nílé. Bàbá rẹ̀ ní ẹgbẹ́ òkùnkùn ló wọ̀, ó fẹ́ nà án. Wòlíì wa ní ẹ̀mí kan ló ń lò ó, kí a mú un wá sórí òkè fún ọjọ́ 21. Àbúrò mi tó wà ní London ní àìsàn ọpọlọ ni, kí a sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Ṣé ọmọ mi fẹ́ pa ara rẹ̀ ni? Ṣé orí rẹ̀ ti ń dàrú ni? Ṣé kí n gba fóònù rẹ̀, kí n máa yẹ ara rẹ̀ wò lójoojúmọ́? Ṣé kí n sọ fún ilé ìwé rẹ̀? Ẹ̀rù ń bà mí láti bi í léèrè, kí n má baà fi ohun tí kò sí lọ́kàn rẹ̀ síbẹ̀."

Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ìbéèrè yín pọ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kan ṣoṣo ló bí gbogbo wọn: pé ẹ lè sọ ohun tí kò yẹ kí ẹ sọ, kí ọmọ yín sì tìtorí rẹ̀ ṣe ohun tí kò ní àtúnṣe. Nítorí náà, ibi tí ẹ parí sí ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi í léèrè. Àwọn tó ti ń ṣèwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ pípẹ́ kò rí i pé bíbi ọ̀dọ́ léèrè bóyá ó ń ronú ikú máa ń gbin èrò ikú sí i lọ́kàn. Ohun tí àwa tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ń rí ni pé èjìká ọmọ máa ń wálẹ̀ nígbà tí àgbàlagbà kan bá fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ohun tí òun nìkan ti ń dá gbé. Ìdákẹ́jẹ́ yín ló lè pa á lára, nítorí pé ó mọ̀ pé ẹ ti rí apá òun, ó sì ń dúró láti mọ ohun tí ẹ ó ṣe.

Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe, ìyẹn àpá tó tò léra wọn níbi tí aṣọ ń bò, tí ọ̀kan ti jinná tí òmíràn ṣì pupa, pẹ̀lú irọ́ tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ mọ̀ pé kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, jọ ti ọ̀dọ́ tó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe láti fi pẹ̀tù sí ìdààmú ọkàn. N kò rí ọmọ náà, n kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà láti ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe ọmọ yín nìkan. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó ìwádìí láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè pa pọ̀ ní ọdún 2014, wọ́n rí i pé bí 17 nínú 100 ọ̀dọ́langba ló ti ṣe é rí, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ orí tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́ bí ọdún 12 sí 14, àwọn ọmọkùnrin sì wà níbẹ̀ ju bí àwọn òbí ṣe rò lọ, nítorí pé tiwọn tètè máa ń farapamọ́ sábẹ́ bọ́ọ̀lù àti ìjà.

Ẹ jẹ́ kí n dá Bàbá ọmọ lóhùn. Ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà láàárín wa ló mọ gbẹ́rẹ́: ẹlòmíràn ló ń sín in fún ni, ó máa ń kúrú, ó máa ń níye, wọ́n sì máa ń fi oògùn jíjó ra ojú rẹ̀. Ti ọmọ yín kò rí bẹ́ẹ̀. Apá òsì ló wà, ìyẹn ni pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló dé ibẹ̀, kì í ṣe ìgbà kan náà ni gbogbo rẹ̀, ìtìjú sì ni wọ́n jẹ́ fún un, kì í ṣe àmì ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ ọ́n mọ́. Bí àmì mìíràn bá wà tó jẹ mọ́ ẹgbẹ́ òkùnkùn, bí owó tí kò ní orísun tàbí ìjáde òru, ẹ wádìí rẹ̀ lọ́tọ̀. Àpá yìí nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Ní ti nínà, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ló ń ṣe ara wọn léṣe nítorí pé wọ́n gbà pé ìyà tọ́ sí àwọn. Bàbá tó bá gbé pàṣán yóò kàn fi ọwọ́ sí ìdájọ́ tí ọmọ náà ti dá fún ara rẹ̀ ni.

Ìbéèrè yín tó le jù ni bóyá ó fẹ́ pa ara rẹ̀. Ohun méjì ni mo ní láti sọ, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ gbọ́ méjèèjì pa pọ̀, nítorí pé òbí tó bá mú ọ̀kan tí kò mú èkejì yóò ṣì í ṣe. Èkíní ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ṣe ara wọn léṣe kò fẹ́ kú. Ohun tí wọ́n ń wá ni bí wọn yóò ṣe la wákàtí tó wà níwájú wọn já. Èkejì ni pé ẹni tó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe sún mọ́ ewu ìpara-ẹni ju ojúgbà rẹ̀ tí kò ṣe é lọ, pàápàá bó bá ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, bí ọgbẹ́ náà bá ń jinlẹ̀ sí i, tàbí bó bá ń sọ pé òun ti di ẹrù sí ẹbí lọ́rùn. Ọkàn ọ̀dọ́ kì í sì í dúró lójú kan: ẹni tí kò fẹ́ kú ní ọjọ́ Ajé lè máa rò ó ní Ọjọ́rú tí èsì ìdánwò jáde. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí a wá ká a kúrò nílẹ̀.

Kí ló wá dé tí ọmọ tó ní làákàyè, tó ń mú ipò kẹta ní kíláàsì, yóò fi máa ṣe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀? Bí wọ́n bá ti fọkàn tán yín tó láti sọ̀rọ̀, ìdáhùn tí ẹ ó gbọ́ jù ni "Ara máa ń tù mí." Ó máa ń ya òbí lẹ́nu, ṣùgbọ́n òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ìbànújẹ́, ìbínú tàbí ìtìjú yóò ru sókè débi tí ọmọ náà kò ní lè ronú mọ́. Ìrora ara yóò fa ọkàn rẹ̀ kúrò lórí ti inú. Ara fúnra rẹ̀ máa ń tú èròjà tó ń pa ìrora jáde. Bí ìrora náà bá sì ti ń rọlẹ̀, ìdààmú náà yóò bá a rọlẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọpọlọ kì í gbàgbé ohun tó bá yára tù ú nínú. Nígbà tó bá yá, ìtìjú àpá yóò dé, ìbẹ̀rù kí wọ́n má rí i yóò dé, irọ́ ológbò yóò dé, ìdààmú yóò sì tún pọ̀ ju ti àárọ̀ lọ. Bí ẹni tó yá owó sógún-dogójì ni: owó dé ọwọ́ kíá, ọ̀ràn ọjọ́ náà yanjú, ṣùgbọ́n gbèsè tó ń dúró de ọjọ́ kejì ju èyí tó sún un débẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn kò wá ìtura rárá. Wọ́n ní gbogbo ara àwọn ti kú tipiri, àwọn kàn fẹ́ mọ nǹkan kan lára ni. Àwọn mìíràn ń fìyà jẹ ara wọn. Díẹ̀ nínú wọn ń fi ara sọ̀rọ̀ nítorí pé ẹnu ti sọ ọ́ títí, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ẹ rántí pẹ̀lú pé apá ọpọlọ tó ń ru ìmọ̀lára sókè máa ń tètè dàgbà ju apá iwájú orí tó ń kó o níjàánu lọ, tí èyí kì í sì í gbó tán títí di bí ọdún 25. Ọmọ ọdún 15 ń wa ọkọ̀ tó yá nílẹ̀ gan-an tí bíréèkì rẹ̀ kò tíì mú dáadáa.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú ẹbí yóò sọ pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè máa wo ojú òun ni. Ẹni tó ń wọ súwẹ́tà nínú ooru Ìbàdàn kí ẹnikẹ́ni má baà rí apá rẹ̀ kò wá ojú ẹnikẹ́ni. Ká tilẹ̀ ní ó wá a, ọmọ tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ nìkan ló mọ̀ tó lè mú kí àgbàlagbà yíjú sí òun nílò kí a yíjú sí i.

Ohun tó wà nísàlẹ̀ ló yẹ kí a máa wá, ibẹ̀ sì ni mo ti máa ń lo àkókò jù. Ní SS2, ìdánwò WAEC ti ń yọjú lókèèrè, gbogbo ẹbí ti pín iṣẹ́ dókítà àti lọ́yà fún ọmọ tí ìṣirò kò yé. Ìjà tó ń lọ láàárín bàbá àti ìyá wà níbẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n rò pé àwọn ọmọ ò gbọ́. Fífi ọmọ wé ọmọ ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀. Ìfìyàjẹni àwọn síníọ̀ ní ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́, àwòrán tí ẹnì kan tàn ká orí fóònù, ikú ìyá àgbà tó tọ́ ọmọ náà tí wọn kò jẹ́ kó sunkún rẹ̀ tẹ́rùn, àìsàn tí kò lọ, gbígbé lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí tó ń sọ fún un lójoojúmọ́ pé kì í ṣe ọmọ àwọn: gbogbo ìwọ̀nyí ni mo ti bá pàdé. Mo rántí ọmọkùnrin kan tí kò lè sọ ohun tó ń ṣe òun, bó ti wù kí n béèrè tó. Ìgbà tí mo bi í ní ọjọ́ wo ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ló tó ṣẹ́jú, tó ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni bàbá rẹ̀ máa ń pè láti ìlú òyìnbó láti béèrè máàkì tó gbà. Nítorí náà, bí "kí ló dé?" kò bá rí ìdáhùn, ẹ gbìyànjú "nígbà wo?" àti "kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀?" Mo gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan kún un tí ó máa ń nira fún òbí láti gbọ́: kí ẹnì kan ti máa fọwọ́ pa á lára tàbí kí ó ti fipá bá a lò pọ̀, ìbátan ni o, olùkọ́ ẹ̀kọ́ àfikún ni o, ẹni tí gbogbo ilé ń kí ní "ẹ̀gbọ́n" ni o. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe nirú èyí ṣẹlẹ̀ sí, ẹ má sì fi tipátipá wá a. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, ẹ gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì rí i pé òun àti ẹni náà kò tún pàdé mọ́ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Báwo ni ẹ ó ṣe wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà? Ẹ má pè é sí pálọ̀ bí ẹni tó fẹ́ jẹ́jọ́. Ìgbà tí ẹ bá ń di irun fún un tàbí tí ẹ jọ ń ṣa ẹ̀wà ló dára jù, nítorí pé ọmọ tí a kọ́ pé kò gbọ́dọ̀ wo àgbà lójú máa ń sọ̀rọ̀ dáadáa nígbà tí kò bá sí ìdí láti wo ojú náà. Ẹ lè sọ pé: "Mo rí apá rẹ lọ́jọ́sí. N kò bínú sí ọ. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ológbò, mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, nǹkan kan ń dùn ún gan-an. Ohun náà ni mo fẹ́ mọ̀." Kí ẹ wá dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà yóò gùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ jẹ́ kó gùn. Bó bá ti ń fọhùn, ẹ bi í ní ṣàkó: "Nígbà tí o bá ń ṣe é, ṣé ikú lo ń fẹ́ ni, àbí kí ara kàn tù ọ́? Ṣé ó ti ṣe ọ́ rí bíi pé kí o sùn kí o má jí mọ́? Ṣé o ti ro bí wàá ṣe ṣe é?" Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ìbẹ̀rù máa ń fi sí òbí lẹ́nu tó máa ń ti ilẹ̀kùn pa: "Ṣé o fẹ́ pa mí ni?", "Kí ni mo fi dù ọ́?", "Àwọn tí kò rí oúnjẹ jẹ ńkọ́?" Ẹ má mú un fi Bíbélì búra pé kò ní ṣe é mọ́. Ìbúra kì í wo ìdààmú sàn. Ohun tó máa ń ṣe ni pé, bó bá tún ṣe é, kò ní lè sọ fún yín. Bákan náà, ẹ má ṣèlérí pé ẹ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni láéláé. Ẹ sọ fún un pé bí ẹ bá fẹ́ sọ fún ẹnì kan, òun ni yóò kọ́kọ́ gbọ́.

Bó bá dáhùn pé òun fẹ́ kú, pàápàá bó bá ti ní ọ̀nà àti àkókò lọ́kàn, ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn nìyẹn, kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ẹnì kan wà pẹ̀lú rẹ̀ láìfi í sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn ńlá tó súnmọ́ yín, òru ìbáà ṣe. Bó bá ní kò sí ikú lọ́kàn òun, síbẹ̀síbẹ̀ ẹ kó gbogbo oògùn inú ilé, títí kan ti ẹ̀jẹ̀ ríru màmá àgbà, àti oògùn apakòkòrò, kí ẹ tì wọ́n pa sí ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Èyí kì í ṣe àìfọkàntán. Wákàtí tí ewu pọ̀ jù máa ń kúrú, ohun tó bá sì mú kí ọ̀nà jìn díẹ̀ nínú wákàtí náà ti gba ẹ̀mí púpọ̀ là. Ní ti ọgbẹ́ tó wà nílẹ̀, omi tó mọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ tó, kí ẹ fi báńdéèjì bò ó. Èyí tó bá jìn, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ láìdúró tàbí tó wú, ilé ìwòsàn ni, wọn yóò sì wò ó bóyá ó nílò abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Mo ti gbọ́ nípa òbí tó fi ata sí ojú ọgbẹ́ kí ọmọ lè kọ́gbọ́n. Mo gbàdúrà pé kò sí ẹni tó ń ka èyí tí yóò tún dán an wò.

Ní ti fóònù àti yíyẹ ara wò, mo gbà pé àwòrán àti ọ̀rọ̀ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè kọ́ ọmọ ní ohun tí kò mọ̀, mo sì mọ̀ pé ìwà yìí máa ń ràn láàárín àwọn ọ̀rẹ́ bí ìgbóná. Síbẹ̀, orí fóònù kan náà ni ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà lè wà. Bó bá jẹ́ tèmi, n kò ní gbà á. N ó jókòó tì í kí a jọ wo ohun tó ń tẹ̀lé, kí a jọ yọ èyí tó ń pa á lára kúrò, fóònù gbogbo ilé, títí kan ti èmi, yóò sì máa sùn sí pálọ̀, nítorí pé àìsùn máa ń sọ ìdààmú kékeré di ńlá. Ẹ má máa tú aṣọ rẹ̀ wò. Ọmọ tí wọ́n bá ń tú aṣọ lára rẹ̀ yóò kàn wá ibòmíràn tí ojú ìyá kò dé ni. Ẹ lè sọ fún un pé bí tuntun bá wà, inú yín yóò dùn bó bá jẹ́ kí ẹ bá òun di í.

Wòlíì ńkọ́? Àdúrà kò ba ìtọ́jú jẹ́, mo sì ti rí ọmọ tí ìjọ rẹ̀ dúró tì í bí ògiri. Ṣùgbọ́n ààwẹ̀ ọjọ́ 21 fún ọmọ tí kò jẹun dáadáa tí kò sì sùn, lórí òkè, láàárín àwọn tí wọ́n ń pariwo pé ẹ̀mí kan wà nínú rẹ̀, yóò fi ìdí ohun tó ti gbà gbọ́ nípa ara rẹ̀ múlẹ̀ ni: pé ohun búburú ni òun. Bí ìdè tàbí nínà bá sì wọ̀ ọ́, ó ti kúrò ní àdúrà. Ẹ bẹ wòlíì pé kó máa bá yín gbàdúrà nílé, kó má sì dárúkọ ọmọ náà níwájú ìjọ. Bó bá bínú, ẹ jẹ́ kó bínú.

Àbúrò yín tó wà ní London sọ òótọ́ nípa ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n "àìsàn ọpọlọ" tó pè é ti yá jù. Ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi ń dárúkọ àìsàn, nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní ọdún 2013, fi í sí ara ohun tó ṣì yẹ kí wọ́n wádìí sí i, kò kà á mọ́ àwọn àìsàn tó ti fìdí múlẹ̀. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí àníyàn àpọ̀jù lè wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ìdààmú tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní orúkọ àìsàn kankan. Orí ọmọ yín kò dàrú. Ó yẹ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà rí i, ẹ sì ṣoríire pé Ìbàdàn lẹ wà, nítorí pé ẹ̀ka tó ń rí sí ìlera ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́langba wà ní UCH. Aró ní Abẹ́òkúta kò jìnnà, Yaba àti LUTH sì wà ní Èkó. Mo mọ̀ pé orúkọ Aró ti di èébú lẹ́nu wa. Àwọn tó ń fi í búni kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni Thomas Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọdún 1954 tí gbogbo ayé wá wò: aláìsàn yóò máa gbé ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ìbátan kan tó tẹ̀ lé e wá, yóò sì máa lọ gba ìtọ́jú. Pé ẹbí jẹ́ ara ìtọ́jú kì í ṣe ohun tí òyìnbó kọ́ wa.

Bí ẹ bá débẹ̀, wọn yóò bá yín sọ̀rọ̀, wọn yóò sì ní kí ẹ bọ́ síta kí wọ́n bá ọmọ nìkan sọ̀rọ̀. Ẹ má bínú sí èyí. Ibẹ̀ ni òtítọ́ ti máa ń jáde, bí ewu bá sì wà, wọn yóò sọ fún yín. Bí ẹ̀rù ọlọ́pàá bá ń bà yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró: abala 327 nínú òfin ìwà ọ̀daràn wa sọ pé ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan jura. Òfin tó burú ni lójú mi, nítorí pé ó ń lé àwọn tó nílò dókítà sá. Èkó ti yí tirẹ̀ padà, ìtọ́jú ilé ìwòsàn ni òfin tiwọn ní kí wọ́n fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe ara rẹ̀ léṣe láìní ikú lọ́kàn kọ́ ni abala yẹn ń bá wí, iṣẹ́ dókítà tí ẹ bá lọ rí sì ni láti tọ́jú ọmọ yín. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n tún fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ní Nàìjíríà, èyí tó rọ́pò òfin àtijọ́ tó ń pe aláìsàn ní wèrè.

Kí ni wọn yóò ṣe fún un? Kò sí oògùn kankan tí a ń lò láti dá ṣíṣe ara ẹni léṣe dúró; ìtọ́sọ́nà tí NICE, àjọ tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú fún àwọn dókítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní ọdún 2022 sọ ọ́ gbangba pé kí dókítà má fi oògùn tọ́jú ìwà náà fúnra rẹ̀. Bí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le bá wà, wọ́n lè kọ fluoxetine, ó sì ń ran àwọn kan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n láti ọdún 2004 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára irú oògùn bẹ́ẹ̀ pé èrò ìpara-ẹni lè pọ̀ sí i nínú àwọn ọ̀dọ́ kan, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, kí ẹ má sì dá a dúró láìsọ fún dókítà. Ìtọ́jú gidi jẹ́ ti ọ̀rọ̀ sísọ àti kíkọ́ ọgbọ́n. Èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù ni DBT (dialectical behaviour therapy), tó ń kọ́ni bí a ti ń kó ìmọ̀lára tó ru sókè níjàánu, tí Marsha Linehan gbé kalẹ̀ ní Yunifásítì Washington ní Seattle. Ní ọdún 2011, obìnrin náà fẹnu ara rẹ̀ sọ ní gbangba pé òun náà ti máa ń ṣe ara òun léṣe nígbà èwe, tí wọ́n sì ti òun mọ́ ilé ìwòsàn. Nínú èyí tí wọ́n tún ṣe fún ọ̀dọ́langba, òbí máa ń jókòó nínú kíláàsì pẹ̀lú ọmọ. Ìwádìí kan láti Norway tó jáde ní ọdún 2014 fi hàn pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 19, àwọn tó gbà á ń ṣe ara wọn léṣe níwọ̀n tó kéré sí ti àwọn tó gba ìtọ́jú tó wọ́pọ̀. Lára ohun tí wọ́n ń kọ́ ni pé kí ọmọ tọ́jú abọ́ omi tútù; bí ìdààmú bá ru, kó dá èémí dúró díẹ̀, kó ki ojú bọ̀ ọ́, nítorí pé omi tútù lójú máa ń mú kí ọkàn lù jẹ́jẹ́. Ẹni tó ní àrùn ọkàn kò gbọdọ̀ dán èyí wò láìbéèrè. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a sábà máa ń wá.

N kò ní tàn yín jẹ: àwọn tó kọ́ DBT délẹ̀ kò pọ̀ ní Nàìjíríà, owó àpò sì ni ọ̀pọ̀ ẹbí ń san. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ béèrè ẹni tí yóò máa rí ọmọ náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó mọ bí a ti ń tú èrò àti ìṣòro palẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dọ́. Ẹni kan ṣoṣo tó ń rí i déédéé sàn ju dókítà ńlá tó rí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má sì retí pé yóò dópin lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ẹ bá rí àpá tuntun ní oṣù kejì, kò túmọ̀ sí pé ìtọ́jú kò ṣiṣẹ́. Ẹ wò bóyá ó ń jìnnà síra, bóyá ó ti ń sọ fún yín kí ẹ tó rí i. Ní ìpínlẹ̀ Victoria ní Australia, wọ́n tẹ̀ lé àwọn ọ̀dọ́ láti ilé ìwé títí wọ́n fi ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún, ìwádìí náà sì jáde ní ọdún 2012: bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn tó ń ṣe ara wọn léṣe ló ti jáwọ́. Àwọn tí àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá rìn ló máa ń pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ jù, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń tọ́jú ohun tó wà nísàlẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ilé ìwé. Ẹ má kọ lẹ́tà sí gbogbo wọn. Ẹ bi ọmọ náà léèrè olùkọ́ tí ara rẹ̀ máa ń balẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹ sọ fún ẹni yẹn nìkan, níwọ̀n tí ọmọ náà bá gbà kí ẹ sọ, kí ẹni náà lè máa jẹ́ kó jáde kúrò ní kíláàsì láìṣàlàyé nígbà tí nǹkan bá ru. Kó má jẹ́ olùkọ́ tó máa ń fi ọ̀rọ̀ ọmọ ṣe àpẹẹrẹ lórí ìlà òwúrọ̀. Bí ọ̀gá ilé ìwé bá gbọ́ lọ́nà mìíràn, tó sì ń sọ̀rọ̀ lílé ọmọ lọ, ẹ ní kí ilé ìwòsàn kọ ìwé fún yín tó sọ pé ọmọ náà wà lábẹ́ ìtọ́jú, pé ó lè máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ, kí ẹ mú un dání lọ bá a, ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ pọ̀.